Veta Gun Òpó, Èmi Kò Lè Gùn Ún

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti kòtò èédú pa lónìí. Gbogbo ayé mi ni mo lò lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Lupeni yìí. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ òpó afẹ́fẹ́, àwọn òpó gíga tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná. Mo forúkọ sílẹ̀. Veta ìyàwó mi náà forúkọ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Iná tí à ń dè mọ́rí ló máa ń pín fún wa ká tó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò — kí ló fẹ́ gùn?

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹta
Òpó ìdánrawò. Mo gùn ún dé ìdajì, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Èmi tí òrùlé kòtò ti wó lù rí! Mo di àkàbà mú bí ọmọ ọwọ́ títí Horațiu olùkọ́ fi wá tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Veta gun tiẹ̀ dé téńté. Ó ń juwọ́ sí mi. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹta
Ẹyẹ — ohun tí mò ń pe Veta nínú ọkàn mi nìyẹn — kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Horațiu níhìn-ín, Horațiu lọ́hùn-ún. Mò ń jẹ mămăligă tútù, oúnjẹ àgbàdo wa, ó ń fi okùn ta kókó tí Horațiu kọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.
Gligor tó ń gbé lókè wa bi mí lórí àtẹ̀gùn pé ta ni yóò máa sebẹ̀ báyìí. Ó kù díẹ̀ kí n tì í.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹta
Veta gbàgbé fóònù sílé. Ó dún. Iléeṣẹ́ òpó létí Òkun Dúdú: wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́. Mo ní ara rẹ̀ kò yá, kò ṣe mọ́. Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹta
N kò sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹta
Nídìí oúnjẹ, ó rọra bi mí bóyá ẹnikẹ́ni pe òun. Mo ní rárá. Ó bu ẹran tó dára jù fún mi. Mo bù ú padà sínú àwo tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹta
Ó lọ sọ́jà. Mo pe iléeṣẹ́ náà. Mo ní irọ́ ni mo pa, kò sí àìsàn kankan, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní ìyàwó mi rí ìpè àwọn lórí fóònù rẹ̀, ó sì ti pe àwọn padà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀la ló ń gbéra lọ bá wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹta
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìlara ni. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.
“Traian, mo ti mọ̀ tipẹ́. Torí kí o lè rí àyè sọ ọ́ ni mo ṣe bi ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.”
Mo bi í bóyá kí n tẹ̀ lé e. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ nílẹ̀, lábẹ́ àwọn òpó.
“Ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá wà níbẹ̀ ná.”
Mo gbé àpótí rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó wúwo. Aṣọ òtútù àti aṣọ ooru ló kó pọ̀, bí ẹni tí kò ní tètè padà.