Ta Ni Yóò Pe Orúkọ Bàbá Yín?

Ilé wa,
Ọ̀fà.

Ọ̀ṣunwálé ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀, mo kí ìyá Ọmọ́yẹni, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Àbújá, títí kan gáàdì tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun? Òkè tí o bá dojú kọ á di pẹ̀tẹ́lẹ̀, Ọ̀ṣun tí a fi sọ ọ́ lórúkọ kò ní jẹ́ kí o ṣìnà.

Àwa náà wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti gbin àgbàdo. Ewúrẹ́ tí mo sọ fún ọ pé ó sọnù ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé, pẹ̀lú oyún nínú, n ò sì bi í léèrè ibi tó lọ. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí, fara balẹ̀ kà á.

Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún Ọmọ́yẹni ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi níbí nílé ìwé, pírójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Tíṣà wọn, Mísìsì Caroline, ìyàwó àwọn Adétóyè tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó fọ́tò àwọn ẹbí rẹ̀ jọ, àti òkú àti alààyè, kí wọ́n tò wọ́n bí igi ìdílé sínú fóònù ńlá kan tó wà ní kíláàsì wọn, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Tí o bá ti fi ìka kan ojú ẹnì kan níbẹ̀, ohùn àgbà kan láti ilé yẹn á jáde, á sọ orúkọ ẹni náà àti iṣẹ́ tó ṣe láyé. Èmi fúnra mi dán an wò. Mo fi ìka kan ìyá àgbà kan báyìí, ló bá sọ̀rọ̀, ni mo bá kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ìyá náà ṣáà jù mí lọ.

Tíṣà ní ọmọ ilé ìwé kò gbọdọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ o, àgbà ni kó sọ ọ́. Ọmọ́yẹni bá gbé fóònù mi sí mi lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ júbà, a kì í ṣáà dédé la ẹnu. Mo kí tíṣà, mo kí ẹ̀rọ, mo kí gbogbo àwọn tí yóò gbọ́ ọ, mo ṣàdúrà fún ìwọ pàápàá. Ìgbà tí n ó fi dé orí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ní inú òun ti kún. A tún un ṣe, ó wá ku orúkọ. Ọmọ yìí ní, Màmá, ẹ pe orúkọ wọn. Hẹ̀ẹ́! Èmi ìyàwó ilé! Ṣé o gbọ́ ọ rí kí n pe ẹnikẹ́ni tí mo bá nílé bàbá yín lórúkọ? Mo pè wọ́n bí mo ṣe ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọlé: Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Akọ̀wé, Ìbàdíàrán. Nígbà tó kan bàbá yín, mo ní Olówó-orí-mi. Tíṣà gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dùn létí, àmọ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọjáde ni àwọn fẹ́. Mo ní èmi ò sí níbi ìkómọjáde ọkọ mi, wọn ò tíì bí mi.

Èmi àti Ọmọ́yẹni bá gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbò lọ bá Ìbàdíàrán, àbúrò bàbá yín obìnrin, torí ọmọ bíbí ilé ni wọ́n, ẹnu wọn gbà á. Wọ́n pe orúkọ gbogbo àwọn tó kù, toríkì-toríkì, ó ń ró kẹkẹ. Bó ṣe kan bàbá yín báyìí, wọ́n ní bọ̀dá mi, ni ẹkún bá gbọ̀n wọ́n. A tún un ṣe, ẹkún. A fún wọn lómi mu, a tún un ṣe, ẹkún. Ẹkún ọ̀hún ló wà nínú fóònù báyìí. Wọ́n ní ká máa lọ, pé bọ̀dá àwọn ló máa ń gbé àwọn kọ́rùn lọ sílé ìwé, àwọn ò lè ṣe é. Èmi náà sunkún díẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo ní eruku ni.

Nígbà tí a délé, Ọmọ́yẹni ní kò burú, fóònù lè pe orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó tẹ nǹkan. Ọ̀ṣunwálé, obìnrin kan ló fọhùn láti inú fóònù yẹn! Ohùn rẹ̀ mọ́ lóló bí ohùn omidan, ó sì pe ọkọ mi lórúkọ gbàù, kò fi bàbá ṣíwájú, kò fi ẹ jọ̀ọ́ kẹ́yìn, bí ẹni pé òun ló bí wọn. Inú bí mi. Mo ní ìwọ ta ni? Níbo lo ti mọ̀ wọ́n? Ọmọ́yẹni ní kì í ṣe ènìyàn. Mo ní ẹni tí kì í ṣe ènìyàn wá mọ orúkọ ọkọ mi, ìyẹn gan-an ló burú jù. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ni mo fi ń bo fóònù yẹn kí n tó bọ́ra.

Mo lọ bá tíṣà, mo ní obìnrin yẹn kò ní pe ọkọ mi níwájú èrò. Tíṣà kò bá mi jà, ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n kàn ní lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, ojú tí wọ́n bá fìka kàn tí kò fọhùn, yíyọ ni wọn ó yọ ọ́. Kí wọ́n yọ bàbá yín kúrò nínú igi ìdílé ara wọn! Bàbá yín tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ ilé tí mo jókòó sí yìí! Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀yìn mi ò ní kanlẹ̀ lórí èyí.

Ìwọ ló kù. Ọmọ wọn ni ọ́, ẹnu rẹ gbà á. Mi ò fẹ́ pè ọ́ nítorí inú fóònù náà ni obìnrin yẹn wà, kó má lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Jàmíù dírẹ́bà ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ohùn rẹ ni mo fẹ́. Jẹun yó kí o tó sọ ọ́, kó má bàa rẹ ohùn náà lójú ọ̀nà, Àbújá jìn. Pe orúkọ bàbá rẹ tààrà, sọ pé àgbẹ̀ ni wọ́n, sọ pé wọn kì í ti iṣu tó ti jẹrà sábẹ́ èyí tó dára. Má fi gẹ̀ẹ́sì kún un. Tí o bá sì ń fi ránṣẹ́, má jẹ̀ẹ́ kó gba Ẹ̀rìn-Ilé tí wọ́n ń bá wa du ilẹ̀ kọjá, kí wọ́n má lọ ní orí ilẹ̀ àwọn ló bọ́ sí.

Fi owó dátà ránṣẹ́ pẹ̀lú. Èyí tí mo rà, mo pa fóònù, mo gbé e sínú ìkòkò kó má bàa gbẹ, síbẹ̀ ó gbẹ. Fi owó ìpara ẹsẹ̀ mi àti ti ọ̀kadà Ìjàgbò lé e, má ní kí n sọ iye, o mọ ìyá rẹ.

Àmọ́ gbọ́ o. Bí Àlàmísì bá ṣú tí ohùn rẹ kò dé, èmi fúnra mi ni n ó pè é. Kí ará ilé sọ ohun tó bá wù wọ́n. Mo ti dán an wò lánàá nínú ilé ìdáná, mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Ìdajì orúkọ náà jáde. Ìdajì tó kù há mi lọ́fun, torí ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n máa dáhùn láti pálọ̀. Mo dúró, mo tẹ́tí. Wọn ò dáhùn. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún, kì í ṣe èèwọ̀. Àárò wọn ń sọ mí, ọmọ mi.

Olódùmarè á bá ọ ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ìyàwó rẹ kò ní fojú sunkún rẹ ní kékeré. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fi ìka kan ojú tìrẹ, wọn ò ní wá ẹni tí yóò pè ọ́ tì.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí ohùn rẹ,
Fáyọ̀kẹ́.