Ohun Tí Ọmọ Mi Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Yunifásítì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń bá adìẹ aládùúgbò jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán náà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Èsì rẹ̀ tọdún yìí dára gan-an, àmọ́ yunifásítì ní àwọn á wo ti ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú, ó sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà náà. Wọ́n ní kó ṣàlàyé nínú fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ pé: "Mo ya ọ̀lẹ lọ́dún náà."

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò yẹn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ti ń lọ ṣèdánwò. Mo mú un búra pé ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́, kí ẹ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi.

Mo kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tí mo bí kó yí i padà. Ó ní àfi tí ẹ̀yin bá gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ ti gbọ́ báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Ẹ dákun, ẹ pè é. Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Ẹ bá mi tú ẹnu tí mo fọwọ́ ara mi dì.

Àbúrò yín.