Ìparí Sinimá Tí Mo Yí Padà fún Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ìdí máṣíìnì ìránṣọ yín ni mo jókòó sí, mo ká aṣọ tí ẹ fi ń bò ó sẹ́yìn, mo sì tẹ́ bébà sórí rẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan lé máṣíìnì yẹn, ìbáà ṣe ife omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ibí yìí nìkan ni mo rò pé ẹ ti lè gbọ́ ọ.

Mo parọ́ fún yín, Bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni ọ̀rọ̀ náà ti ń gún mi lọ́kàn bí abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú tìmùtìmù. N kò sọ ọ́ fún Màámi, ẹni tó ṣì wà nínú opó yín, tó ń fa tẹ̀sùbáà láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ṣé ẹ mọ̀ pé mo parọ́? Bí ẹ bá mọ̀, ṣé ẹ dárí jì mí kí ẹ tó lọ?

Ẹ rántí àwọn Sátidé wa. Bí a bá ti kírun Àsárì tán, ẹ ó wọ dàńṣíkí yín, ẹ ó gbàgbé téèpù sọ́rùn, Màámi á pè yín padà, ẹ ó ní kò burú, bóyá ẹ máa rí ẹni tí ẹ máa wọ̀n lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn láti Mùṣín, a ó gba Jíbówú kọjá, títí dé ilé sinimá ní Yábàá. Ẹ ó bọ́ bàtà sábẹ́ àga, ẹ ó da ẹ̀pà sínú fìlà yín, ẹ ó sì tẹ orí sọ́dọ̀ mi. Gẹ̀ẹ́sì yín ò kọjá kọ́là, bọ́tìnnì, pọ́kẹ́ẹ̀tì àti gúdù mọ́nì. Èmi ni mo ń túmọ̀. Ohun tí òyìnbó inú sinimá bá sọ, èmi á sọ ọ́ sí yín létí ní Yorùbá, Bàbá Ráímì káfíńtà, ọ̀rẹ́ yín, á nàgà láti apá kejì, àwọn tó wà níwájú náà á dẹ́kun ẹ̀pà jíjẹ kí wọ́n lè gbọ́ tiwọn. Bí mo bá dúró húkọ́, gbogbo ìlà wa á máa pòṣé. Tí iná bá wá tàn, ẹ ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò nínú fìlà, ẹ ó dé e, ẹ ó ní, "O káre, etí mi." Kò sí Sátidé kan tí ẹ kì í sọ ọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ yín fẹ́ràn sinimá kábọ́ì, tí ìbọn ń dún pàù pàù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo, kó dúró sójú títì Mùṣín níbi tí bolẹ̀kájà ti ń kérò. Sinimá amí ni tiyín. Ẹ ní ìbọn kọ́ ló ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀, oúnjẹ ni. Ọkùnrin kan jókòó láàárín àwọn ọ̀tá ilẹ̀ rẹ̀, ó ń bá wọn jẹun, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àwa tí a jókòó sínú òkùnkùn nìkan la mọ ẹni tó jẹ́. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyà tiwa ló ń já. Ẹ sì máa ń káàánú wọn. Ẹ ní kí n wò ó, nínú gbogbo ìlú tí ọkùnrin yẹn wà, kò sí ẹnì kan tó mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ara yín wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, "Bàbá Télọ̀" ni gbogbo àdúgbò ń pè yín. Ta ló ń pè yín ní Àlàmú níbí?

Ṣé ẹ rántí amí tí bọ́tìnnì pa? Ó gbọ́ èdè àwọn ọ̀tá bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, gbogbo ìwé rẹ̀ pé. Sinimá kò tíì lọ jìnnà tí ẹ fi gbá mi nígbọ̀nwọ́, ẹ ní bọ́tìnnì yẹn máa pa á. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ ní kí n wo àwọn tó yí i ká, òwú bọ́tìnnì tiwọn nà gbọọrọ ní méjì-méjì, tirẹ̀ nìkan ló ṣe oríta, bí àwọn télọ̀ ìlú rẹ̀ ṣe ń rán an. Ó kù díẹ̀ kí sinimá parí kí ọ̀gá ọlọ́pàá wọn tó rí ohun tí ẹ ti rí. Bàbá Ráímì dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ fún yín, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ní kó jókòó.

Ti ẹni tó rán ìwé mọ́ ìṣẹ́tí kóòtù rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pòṣé lé e. Òwú kan náà ló fi rán gbogbo rẹ̀, ẹ ní télọ̀ burúkú ni, báwo ni ẹni tó ránṣẹ́ sí ṣe máa rí i? Ẹ ní bí ènìyàn bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú aṣọ, kó fi àmì kan síbẹ̀ tí ọ̀tá máa rò pé àṣìṣe ni, tí ẹni ẹni nìkan máa mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe. Mo fi yín ṣẹ̀fẹ̀ dé ilé lọ́jọ́ náà, mo ń béèrè amí mélòó lẹ ti ránṣọ fún ní Mùṣín.

Irọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti sinimá. Ilé ìwòsàn ni. Lọ́jọ́ tí a lọ gbọ́ ohun tí wọ́n rí nípa ikọ́ yín, nọ́ọ̀sì tó máa ń túmọ̀ kò sí nítòsí, dókítà òyìnbó náà sì bi mí bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi tilẹ̀ dùn, Bàbá mi, pé ẹ máa rí i pé ìwé tí mo kà kò ṣòfò. Ó wá sọ fún mi pé àìsàn náà ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró yín kọjá ohun tí oògùn lè ṣe, pé kí n mú yín lọ sílé, kí a máa ṣe ohun tó bá máa tù yín lára. Ẹ tẹ orí sọ́dọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní sinimá. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé dókítà ní àárẹ̀ ni, pé kí ẹ máa lo oògùn, kí ẹ máa sinmi, kó tó di Iléyá ara yín á ti le. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nínú bolẹ̀kájà tí a wọ̀ bọ̀, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi mí ni bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lẹ ní ẹ fẹ́ lọ sí sinimá. Ẹ kò lè rìn mọ́, kẹ̀kẹ́ Bàbá Ráímì ni wọ́n fi gbé yín. Sinimá amí ni. Odò kan ṣoṣo ló kù kí amí náà kọjá kó tó dé ìlú rẹ̀, wọ́n sì yìnbọn fún un létí odò náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sá lọ ló wọ kóòtù rẹ̀ kọjá, tó gbé e lọ fún ìyàwó amí náà. Obìnrin náà gba kóòtù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Orí yín wà ní èjìká mi, mo ń gbọ́ bí èémí yín ṣe ń fà. Mi ò lè fi ẹnu mi pa amí yẹn fún yín. Mo ní ìbọn náà kò bà á. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló dé ilé yẹn, pé ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ ni kò jẹ́ ká dá a mọ̀, pé ẹkún ayọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń sun. Iná tàn. Ẹ gbọn fìlà, ẹ dé e. Mo ń retí "O káre" títí a fi dé ilé, n kò gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń ránṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Aṣọ gbogbo oníbàárà lẹ rán tán. Bí mo bá ní kí ẹ sinmi, ẹ ó ní dókítà ṣáà ní ara yín á le, ọ̀rọ̀ náà á sì gún mi. Bí mo bá ti sọ òtítọ́, ẹ̀ bá ti fi máṣíìnì sílẹ̀, ẹ̀ bá ti sọ ohun tí bàbá máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tó lọ. Irọ́ mi ló gba ìyẹn lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Gáùn búlúù tí mo máa wọ̀ ní Iléyá lẹ rán kẹ́yìn. Níbì kan létí ìṣẹ́tí rẹ̀, níwọ̀n ìka mẹ́rin, òwú pupa lẹ fi rán an. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọwọ́ lásán mọ òwú! Mo mọ̀ pé ojú yín ti ń lọ nìyẹn, mo sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Ọjọ́ kẹrin tí ẹ rán an tán lẹ kú. Kò pẹ́ rárá tí Bàbá Ráímì fi gbé pákó tí a máa tò bò yín nínú sàréè dé, ó ti gé wọn, ó ti fá wọn, wọ́n sì ṣe rẹ́gí. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló ń ronú jìnnà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Lọ́la ni mo fẹ́ gbé gáùn náà lọ fún télọ̀ kan ní Jíbówú, kó tú òwú pupa yẹn, kó fi búlúù rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ìyẹn náà jì mí.

Bàbá mi, ibi tí mo dé nìyí lánàá tí Bàbá Ráímì fi wọlé, tí mo fi bébà bo ọ̀rọ̀ mi. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tún ń kọ̀wé yìí.

"Sinimá amí tuntun ti dé o, ọmọ mi," ó ní. "Àwa márùn-ún la fẹ́ lọ ní Sátidé. Láìsí ìwọ, ẹnu lásán la máa rí tó ń ṣí tó ń pa dé."

Mo ní n kò lè túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé òpùrọ́ ni mí. Ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ni mo bá tú u sílẹ̀ gbogbo, ti sinimá àti ti dókítà. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣó o rò pé Àlàmú ò mọ̀ ni? Ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ọsibítù dé ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àìsàn òun ni dókítà ń sọ, ojú ọmọ òun ló ń wò. Ó ní ẹni tó fẹ́ ní kéèyàn lo oògùn kì í rọra gbé kálámù sílẹ̀ báyẹn. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi yan pákó ẹ̀, jàre. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo kó o pa mọ́ sí. Tó o bá ti ń bọ̀, màá yáa da àpò bò ó."

Mo bi í léèrè nípa sinimá.

"Bàbá ẹ tó rí ihò ọta lẹ́yìn kóòtù! Ó ní èjìká kóòtù yẹn ti fẹ̀ ju ti ẹni tó wọ̀ ọ́, pé ẹni tí wọ́n rán an fún ti kú. Mo ní kó jẹ́ n bá ẹ wí. Ó ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹrù tó wà lórí ẹ ti wúwo, tóun bá sọ pé òun mọ̀, wàá jù ú sílẹ̀, á sì bọ́ lé ẹ lẹ́sẹ̀."

Àlàmú ló pè yín, Bàbá mi. Ẹnì kan wà ní Mùṣín tó mọ orúkọ yín.

Nígbà tó lọ, mo mú gáùn náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín nípa télọ̀ burúkú ló sọ sí mi lọ́kàn. Àmì tí ọ̀tá máa rò pé àṣìṣe ni. Mo mú àlùmọ́gàjí yín. Mo tú òwú pupa náà, níwọ̀n ìka mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi, tèmi àti tiyín, ti sinimá tí a lọ wò kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi pẹ́ńsù tí ẹ fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní lẹ́tà kéú, irú èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ mi ní kékeré. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà.

"O káre, etí mi."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Màámi bá mi. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àyà, ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. N kò bi í bóyá òun náà ti mọ̀.

Gbogbo àkókò yẹn, mo rò pé èmi ni amí tó gbọ́n, tó ń bá yín jẹun, tó ń bá yín rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jókòó sínú òkùnkùn tí ẹ ń wò mí, tí àyà yín ń já fún mi. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀?

Mo ti rán ìṣẹ́tí náà padà. Òwú pupa ni mo lò. N kò ní dúró de Iléyá, Sátidé yìí ni màá wọ̀ ọ́ lọ sí Yábàá, màá túmọ̀ fún Bàbá Ráímì àti àwọn ẹgbẹ́ yín, bí ẹnikẹ́ni bá sì kú nínú sinimá náà, màá sọ pé ó kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ni mí, ìparí kan sì wà tí n kò túmọ̀ dáadáa fún yín. Ẹ tẹ orí sọ́dọ̀ mi.

Amí yẹn kú, Bàbá mi. Etí odò ni, kò kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wọ kóòtù rẹ̀ dé ilé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ kó tó bú sẹ́kún nìyí: òun ti mọ iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe tipẹ́, ọkọ òun rò pé òun kò mọ̀, òun sì jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó parí. Iná ti tàn. Ẹ gbọn fìlà yín, Bàbá mi, kí ẹ dé e.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Etí yín.