Ọ̀gá Tó Ní Kí Sáfà Sinmi

Kàbà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Inú ń bí mi gan-an.

Nígbà tí mo ń ṣètò sáfà tuntun ilé-ìwé wa, kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo èsì ìdánwò, ó béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa darí rẹ̀. Mo fẹ́ kọ tèmi. Ọ̀gá Táyé, olórí ọ́fíìsì wa, fajú ro: "Ṣé ọmọ àná ni yóò máa pàṣẹ nínú ọ́fíìsì mi?" Mo bá kọ orúkọ rẹ̀, mo sì fún un ní páswọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo èsì ìdánwò wọn lọ́wọ́, Ọ̀gá Táyé pa sáfà! "Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ṣé jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi ni?" Ó wá sọ fún wọn pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́.

Àgbàyà. Nígbà tí mò ń lọ sílé, ó tún kí mi, "Okun o," bíi pé kò sí nǹkan. Mo kọjá lọ.

Lọ́la, màá yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà. Kó lọ máa pàṣẹ fún jẹnẹrétọ̀.