Ìwé Tí Màmá Ń Fi Ìka Kà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwa tí à ń gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà pè mí ní Aránṣọ.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ohun tójú wọn rí sínú ìwé. Wọ́n ní ohun téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kì í kú. Ọwọ́ wọn wúwo débi pé ẹ̀yìn abala ìwé á wú bí ojú ilà. Nígbà tí ojú màmá mi ò ríran mọ́, ìka ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n á ní, "Irọ́ lẹ pa níbí, Bàbá wọn. Èmi kọ́ ni mo jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná."

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, àmọ́ Màmá ò jáwọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí abala tuntun, wọ́n á sì sọ ohun tí mo fi pa mọ́ lánàá fún mi: oníbàárà tó bú mi, aṣọ tí mo gé bàjẹ́. Mo lọ yẹ ìwé náà wò. Bírò ò kan abala yẹn rí, funfun báláú ni. Mo fìka kàn án; ó wú.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ́ kọ̀wé sí yín. Láàárọ̀ yìí, Màmá fọwọ́ pa ìwé, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ní kóo bá àwọn kí olóòtú."

Wọ́n kí yín o.

Abala kan ló kù. Màmá ní kí n ra ìwé mìíràn bọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n rà á? Bí mi ò bá rà á ńkọ́, ibo ni Bàbá máa wá kọ ọ̀rọ̀ wọn sí?