Ẹsẹ̀ Bàbá Lára Sieni

                                        Sala'ilua,
                                        Savai'i, Sàmóà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 1996.

Losivale, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ọ́kílándì? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ilé ẹja yẹn ò ti gba gbogbo agbára rẹ? Ara àwa náà le, àfi ti Sieni ọmọ rẹ. Òun ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Ṣé o rántí pé oṣù mẹ́sàn-án ló fi rìn, tòun ti bó ṣe sanra, tí gbogbo agboolé ń pàtẹ́wọ́? Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti tẹ̀ síta bí ọrun láti orúnkún. Ọ̀tún nà gbọnrangandan. Lọ́jọ́ kan mo rí ipasẹ̀ nínú iyanrìn yí ibojì Bàbá ká níwájú ilé, ọ̀kan tọ́, ọ̀kan kọjú sínú. Orí mi wú. Bí Bàbá ṣe ń rìn títí wọ́n fi kú nìyẹn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó ni mo rí i pé ẹsẹ̀ ọmọdé ni.

Ẹ̀gbọ́n wa Iosua ní Bàbá ló ń bínú pé a ò tún ibojì àwọn ṣe. A ra símẹ́ńtì, a ra ọ̀dà funfun. A pe ìyá tó ń fi òróró àgbọn wọ́ra. Sieni ń ké, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, símẹ́ńtì ti tán o, ṣé òkú ò tíì gbọ́ ni?" Wọ́n ní, "Tusipepa, ẹnu ẹ yìí ni yóò pa ẹ́."

Ni mo bá gbé ọmọ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Àpíà. Dókítà ní bí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré bá tẹ̀ bákan náà ní méjèèjì, ó sábà máa ń nà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ lápá kan, tó sì ń pọ̀ sí i, kì í ṣe ti ká máa wò ó. Ó ní ibi tí egungun ti ń dàgbà nísàlẹ̀ orúnkún ni ìwọ̀n ara tẹ̀ pa lápá inú, nítorí ó tètè rìn, ó sì lè jẹ́ ti ìdílé. Wọ́n máa gé egungun náà, wọ́n á tò ó kó tọ́. Oníṣẹ́ abẹ máa ti òkè òkun dé lóṣù Kẹwàá. Bó bá ti lọ, ó di àmọ́dún, ẹsẹ̀ náà á sì ti le jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Iosua ní ẹnikẹ́ni ò ní fi ọ̀bẹ kan ẹsẹ̀ Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìwọ ìyá ọmọ nìkan ló lè borí tiwọn. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fọwọ́ sí i.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Lánàá, Sieni jókòó lórí ibojì, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Màmá, tí wọ́n bá tún èyí ṣe, kí ni Bàbá àgbà á wá máa fi rìn?" Mo kàn gbé e sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ọ̀rọ̀ rẹ,
Tusipepa.