Barnabas Àjàní Ọmọ́tọ̀ṣọ́ (1966–2025): Ẹni Tó Tún Ẹ̀rọ Mẹ́kà Ṣe Láìwọ Mẹ́kà

Ìyá rẹ̀ ń wa iṣu lọ́wọ́ lóko Òmù-Àrán nígbà tí ìrọbí mú un. Ó bí i kí wọ́n tó gbé e délé, ọjọ́ kejì oṣù Bélú, 1966. Bàbá rẹ̀ ni Olóyè Samuel Ọmọ́tọ̀ṣọ́, akọ̀wé ìjọ.

Ó ka ìwé mẹ́fà nílé, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ní Ìlọrin. Ní 1993, ó fẹ́ Àyìnkẹ́. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Jámánì kan tí ń ta ẹ̀rọ náà fún àwọn ará Saudi gbà á sí Jẹ́dà. Oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ ní Jámánì.

Àdúgbò Al-Baghdadiyah ní Jẹ́dà ló ń gbé. Inú yàrá, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ni òun àti ará mẹ́rin ti ń jọ́sìn. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, orin á dákẹ́.

Kristẹni kì í wọ Mẹ́kà. Àwọn ará Jámánì pàápàá kò lè wọ̀ ọ́. Sulaiman, ọmọ Mẹ́kà tí bàbá bàbá rẹ̀ bá Hájì dé láti Ìwó, ló ń wọlé lọ tún ẹ̀rọ ṣe. Barnabas a máa darí rẹ̀ lórí fóònù láti Jẹ́dà.

Ní oṣù Òkúdù 2024, lásìkò Hájì, ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìwòsàn kékeré kan ní Al-Utaybiyah, nínú Mẹ́kà, kú. Aláìsàn mọ́kànlá tí oòrùn mú dákú wà nínú yàrá náà. Bọ́ọ̀dù, pátákó tó ń darí iná inú ẹ̀rọ, ló jó, òmíràn yóò sì gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé láti Jámánì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kúkú wọ Mẹ́kà, ta ni yóò dá a mọ̀ láàárín èrò? Barnabas mọ̀ pé bí wọ́n bá mú òun, wọn yóò lé òun kúrò nílùú, wọn yóò sì ti Sulaiman mọ́lé. Ó ní kí Sulaiman tú bọ́ọ̀dù náà, kó gbé e wá bá òun lẹ́yìn ààlà Mẹ́kà.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni Barnabas ti ń fi òjé yíyọ́ jó bọ́ọ̀dù náà pọ̀, iná bátìrì ọkọ̀ ló lò. Ọlọ́pàá kan, Bandar, dé bá wọn, ó gba ìkámà Barnabas, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń kọ ẹ̀sìn sí. Òjé dà lọ́wọ́ Barnabas síbi tí kò yẹ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Ta ni èyí jẹ́ sí ọ?" ni Bandar bi Sulaiman.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Kristẹni?"

"Òun ló mọ ẹ̀rọ, èmi ni mo mọ ọ̀nà."

Bandar kò rẹ́rìn-ín. Ó di ìwé náà mú títí iṣẹ́ fi parí, ó wá dá a padà. Sulaiman gbé bọ́ọ̀dù náà padà wọ Mẹ́kà; kí oòrùn tó wọ̀, yàrá náà ti tutù. Gbogbo àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló padà sílé. Barnabas kò lè jẹun fún ọjọ́ méjì.

Kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí ní Òmù-Àrán, òun ló gbẹ́ ẹ.

Ọkàn rẹ̀ dákẹ́ ní Jẹ́dà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀wàrà, 2025. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òkú rẹ̀ fi dúró de ìwé kó tó délé.

Àyìnkẹ́ aya rẹ̀ wà láyé, àti ọmọ méjì, Dámilọ́lá àti Nathaniel, àti ọmọ-ọmọ kan, Favour. Àjàní, ọmọ Olómù, sùn láìfòyà. Ilẹ̀ bàbá rẹ lo wà.

Sulaiman, tí Barnabas fi fóònù kọ́, nìkan ló kù tó mọ ẹ̀rọ Mẹ́kà.